Ọ̀tún Tàbí Òsì: Ìtàn Òrùka Irin Kan

Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ géèmù ọkọ̀ kan fún fóònù lọ́dún tó kọjá. Iṣẹ́ alẹ́ ni, iṣẹ́ tí à ń ṣe lẹ́yìn tí a bá ti parí iṣẹ́ tó ń fún wa lówó oṣù. A ti ní ọkọ̀ kan tó ń rìn dáadáa nínú géèmù náà, ọkọ̀ tó fara jọ Volkswagen Ìjàpá àtijọ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìdí pátápátá. A wá fẹ́ ọkọ̀ ìdíje, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa wà láàárín, lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ àmọ́ níwájú táyà ẹ̀yìn. Kí la ṣe? A ò kọ tuntun. A gbé ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá, a yí wọn po kí èyí tó kọjú sẹ́yìn kọjú síwájú, a kó wọn sínú ọkọ̀ tuntun. A tẹ iná. Ọkọ̀ fi ẹ̀yìn rìn. A bọ́ sí jíà kejì, ó fi ẹ̀yìn sáré. Jíà kẹta, jíà kẹrin, ẹ̀yìn náà ni. Ìgbà tí a fi sí réfáàsì ló tó mọ ọ̀nà iwájú.

Ọ̀kan nínú wa rí ojú ibẹ̀ kí tíì wa tó tutù. Ó fi àmì ìyọkúrò kan ṣáájú nọ́ńbà kan, ọkọ̀ gbọ́ràn, a rẹ́rìn-ín, a lọ sùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ ká gbádùn. Ẹni tó ń fi irin kan ọkọ̀, níbo ló ti máa rí àmì ìyọkúrò? Irin ò ní kóòdù tí èèyàn lè pa rẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, la bá rí i pé àṣìṣe wa yìí ti lọ́jọ́ lórí, pé àwọn tó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ bíi tiwa, àti pé ibi tí wọ́n gbé e gbà ti bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ayé ń pariwo orúkọ wọn títí di òní.

Ká tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí ó rọrùn ju bí àwọn ìwé ṣe ń kọ ọ́ lọ. Ẹ gbé ìgò kan dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, kí ẹ̀yin àti ẹnì kan jókòó kọjú síra yín. Ẹ ti ìgò náà kó máa yí lọ. Lójú tiyín, ó ń lọ. Lójú ẹni tó jókòó lódìkejì, ó ń bọ̀. Ìgò kan náà ni, yíyí kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá ti ń yí táyà lọ síwájú tẹ́lẹ̀, tí ẹ wá yí gbogbo ẹrù náà po, iwájú tiwọn ti di ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọn ò ṣẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń jẹ́.

Nínú irú gíábọ́ọ̀sì yìí, agbára tó ń ti ẹ́ńjìnnì bọ̀ máa ń parí sí ara jíà kékeré kan tó wà lẹ́nu ṣáàfù. Píníọ̀nù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Píníọ̀nù yìí ló ń yí òrùka ńlá eléyín kan tó ń jẹ́ kíráùn. Wọ́n fi bọ́ọ̀tù de kíráùn mọ́ difẹrẹ́ńṣíà, ìyẹn ilé irin tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti ti òsì. Kíráùn kì í jókòó sí àárín gbùngbùn. Ẹ̀gbẹ́ kan píníọ̀nù ló máa ń wà, bóyá ọ̀tún, bóyá òsì. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo aago ògiri. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ ń yí sí, síbẹ̀ ní apá ọ̀tún ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti méjìlá sí mẹ́fà, ní apá òsì ó ń gòkè láti mẹ́fà sí méjìlá. Ká ní píníọ̀nù ni ọwọ́ aago yìí. Kíráùn tó bá fara kàn án ní ọ̀tún, yóò ti etí rẹ̀ sísàlẹ̀. Èyí tó bá fara kàn án ní òsì, yóò gbé etí rẹ̀ sókè. Ẹ́ńjìnnì ò yí padà, píníọ̀nù ò yí padà. Ibi tí òrùka jókòó sí nìkan ló ń sọ bóyá ọkọ̀ á lọ tàbí á padà. Àmì ìyọkúrò tí à ń wá nínú irin, òun rèé.

Ìtàn tí a fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ ní Gmünd, ìlú kékeré kan ní gúúsù Austria. Ní 1944, nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ sórí Stuttgart, ilé-iṣẹ́ Porsche kó lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìlagi àtijọ́ kan. Ogun parí, wọ́n ò tíì lè padà. Ferdinand Porsche, bàbá ilé-iṣẹ́ náà, ẹni tó ṣe Volkswagen Ìjàpá fún ìjọba Hitler, wà ní àtìmọ́lé àwọn Faransé láti ìparí 1945 títí di 1947. Ọmọ rẹ̀, Ferry, ló ń darí iṣẹ́, pẹ̀lú Karl Rabe tó jẹ́ olórí ẹnjiníà àti Erwin Komenda tó ń ya ara ọkọ̀. Owó kò sí. Irin ṣọ̀wọ́n. Ohun tí wọ́n ní ní ọwọ́ ni ẹ̀yà ara Volkswagen.

Wọ́n pinnu láti kan ọkọ̀ ìdíje kékeré kan, onírìn-ilẹ̀, aláìlórùlé, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa wà láàárín. Èrò náà kì í ṣe tuntun sí wọn. Ferdinand Porsche fúnra rẹ̀ ló ya ọkọ̀ Auto Union tó jáde ní 1934, tó ní sílíńdà 16 lẹ́yìn awakọ̀. Ṣùgbọ́n Auto Union rí owó ìjọba jẹ, wọ́n ṣe gíábọ́ọ̀sì tirẹ̀ fún un. Ní Gmünd, ta ló fẹ́ ṣe gíábọ́ọ̀sì tuntun? Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, 1131 cc, wọ́n tún un ṣe kí agbára rẹ̀ lè dé ẹṣin 35 dípò 25. Wọ́n gbé gíábọ́ọ̀sì rẹ̀. Wọ́n yí méjèèjì po. Nínú Ìjàpá, ẹ́ńjìnnì ló kángun sẹ́yìn, gíábọ́ọ̀sì sì wà níwájú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tuntun yìí, gíábọ́ọ̀sì ló kángun sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì wá sáàárín. Ohun tí àwa náà ṣe lórí kọ̀ǹpútà nìyẹn, ní ohun tó ju àádọ́rin ọdún lọ lẹ́yìn wọn.

Bí wọ́n bá dá a dúró síbẹ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi orúkọ Porsche sí lára ì bá ní jíà mẹ́rin tó ń lọ sẹ́yìn àti ẹyọ kan tó ń lọ síwájú. Nítorí náà wọ́n tú gíábọ́ọ̀sì, wọ́n yọ kíráùn kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tó wà, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìwé ìtàn tó bá tiẹ̀ sọ ọ́, ìlà kan péré ló máa ń fún un. Àwa tí a ti rí gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá ní títú mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ìlà kan. Àlàfo tó wà láàárín eyín kíráùn àti eyín píníọ̀nù kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n irun díẹ̀ lọ. Tó bá fún jù, á máa gbóná, á máa sunkún. Tó bá dẹ̀ jù, eyín á kán. Ìwé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń tò sẹ́yìn bíárìn kí àlàfo náà tó bọ́ sípò, wọ́n á fi ọ̀dà kun eyín, wọ́n á yí i, wọ́n á wo ibi tí ọ̀dà ti pá. Bí kò bá dára, wọ́n á tún tú u.

Àǹfààní ńlá kan wà níbẹ̀ o, a ò gbọdọ̀ fò ó. Eyín kíráùn kì í dọ́gba ní ojú méjèèjì. Ojú kan wà tí wọ́n ṣe fún títì, òun ló ń gba ìyà nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Ojú kejì ń gba díẹ̀díẹ̀, nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Nígbà tí kíráùn bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀, ojú tí wọ́n ṣe fún títì yẹn náà ni píníọ̀nù ṣì ń tì. Irin kò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Agbára tó ní lánàá ló ní lónìí.

Àwọn nǹkan mìíràn mọ̀. Wọ́n yí àwọn apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú po mọ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí náà apá tó ń wọ́ táyà tẹ̀ lé ara rẹ̀ nínú Ìjàpá wá di èyí tó ń ti táyà síwájú rẹ̀, kò sì fara balẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ ní kọ́nà. Ọ̀pá jíà náà tún wà ńbẹ̀. Nínú Ìjàpá, imú gíábọ́ọ̀sì kọjú sí awakọ̀, ọ̀pá kúkúrú kan ti tó. Tí ẹ bá yí i po, imú yẹn ti lọ sí ìdí ọkọ̀, ọ̀pá ní láti gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá kó tó dé ibẹ̀. Ọ̀pá gígùn a máa mì, oríkèé rẹ̀ a pọ̀, awakọ̀ á sì máa fi ọwọ́ wá jíà bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà 1948, ìjọba ìpínlẹ̀ Carinthia fọwọ́ sí i pé kí ọkọ̀ náà máa rìn lójú títì. Nọ́ńbà rẹ̀ ni K 45 286. Kò tó kílò 600, ó lè sá 135 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọjọ́ yẹn ni ilé-iṣẹ́ Porsche ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ títí di òní, wọ́n ṣe ti ọdún 75 ní 2023. Ọkọ̀ 356 Nọ́ńbà 1 ni wọ́n ń pè é, ó sì wà lọ́wọ́ wọn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe. Kí ọdún 1948 tó parí, 356 tí wọ́n ń kàn fún títà ti ní ẹ́ńjìnnì ní ìdí pátápátá bíi ti Ìjàpá, gíábọ́ọ̀sì ti padà kọjú síwájú, kíráùn sì ti padà sí ẹ̀gbẹ́ tí Volkswagen fi í sí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ́ńjìnnì tó wà láàárín gba ibi tí èèyàn lè kó ẹrù tàbí ọmọ sí, férémù onípáìpù sì ń gba àkókò àti owó. Wọ́n kan bí àádọ́ta ní Gmünd kí wọ́n tó padà sí Stuttgart. Ìjókòó ẹ́ńjìnnì yẹn ló sọ wọ́n di olówó, òun ló wá di 911 lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n ń bá ṣe ọjọ́ ìbí, kíráùn rẹ̀ wà ní òdìkejì sí ti àwọn ọmọ tó jogún orúkọ rẹ̀. Lójú tiwa, ọkọ̀ yẹn kì í ṣe bàbá 911. Ẹ̀gbọ́n bàbá ni, ẹni tó gba ọ̀nà mìíràn lọ. Ilé-iṣẹ́ náà kò purọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà là á mọ́lẹ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, wọ́n yí i padà láàárín oṣù díẹ̀.

A sọ pé orí Volkswagen ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Gíábọ́ọ̀sì yẹn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé kíráùn rìn kí Gmünd tó dé, ibi tó sì ti kọ́ ọ kì í ṣe ibi ayọ̀. Nígbà ogun, ilé-iṣẹ́ Volkswagen ń ṣe Kübelwagen fún àwọn ọmọ ogun Jámánì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí wọ́n fi tipátipá kó wá láti ilẹ̀ mìíràn wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ ogun yìí nílò kí ikùn rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, kó sì lè rìn jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé ọmọ ogun tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn ẹnjiníà fi jíà méjì sí ẹnu táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Wọ́n rí gíga, wọ́n rí ìrìn jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n jíà méjì tó bá wọ eyín ara wọn kì í yí sí ọ̀nà kan náà. Bí ti òkè bá ń lọ, ti ìsàlẹ̀ á máa bọ̀. Jíà tí wọ́n fi ga ọkọ̀ ti dá ìrìn rẹ̀ padà sẹ́yìn. Kíráùn ní láti kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì láti tún un ṣe.

Nígbà tí ogun parí tí Ben Pon, oníṣòwò ará Netherlands, ya àwòrán bọ́ọ̀sì kékeré kan sínú ìwé rẹ̀ ní 1947, tí Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án ní 1950, jíà ẹnu táyà ti Kübelwagen yẹn ni wọ́n gbé fún un, nítorí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kéré fún ẹrù. Láti ìgbà náà títí di 1967, Ìjàpá àti bọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń jáde láti ilé kan náà, gíábọ́ọ̀sì wọn jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n kíráùn ọ̀kan wà ní òsì, ti èkejì wà ní ọ̀tún. Bọ́ọ̀sì tó wá di dánfó ní Èkó jẹ́ ti ìgbà tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ti yọ jíà ẹnu táyà kúrò.

Ìjàpá ní tirẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Ọ̀jọ́, ní ojú ọ̀nà Badagry. Ìdí nìyẹn tí a fi ronú pé ó yẹ kí ẹnì kan wà nítòsí tó ti fọwọ́ kan kíráùn yìí rí. A lọ sí ọgbà mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn, wọ́n júwe bàbá kan fún wa, ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí Ìjàpá. Ó ti dàgbà, ó jókòó sórí táyà, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́. A kí i, a ṣàlàyé géèmù wa. Ó wò wá láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà yìí, ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń mú Ìjàpá fi ẹ̀yìn rìn?"

A ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ti ṣe é rí. Nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ọmọdé, ọ̀gá òun ní kí òun tú gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá kan, kí òun pààrọ̀ bíárìn. Òun tú u, òun pààrọ̀ rẹ̀, òun dì í padà. Difẹrẹ́ńṣíà náà wọlé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sí ohun tó sọ fún èèyàn pé kò yẹ kó gba ibí wọlé. Ọ̀gá jókòó sínú ọkọ̀, ó fi sí jíà kìíní, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. "Ó rò pé iwájú lòun ń lọ. Ìdí ni ọkọ̀ fi lọ gbá dúrọ́ọ̀mù omi. Omi dà sórí gbogbo wa. Ọ̀gá ò nà mí o. Ó ní kí n tú u padà lójú ẹsẹ̀, kí n tó fẹnu kan oúnjẹ. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo jẹun ọ̀sán."

A bi í bóyá ó mọ̀ pé àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó ṣe yẹn. Ó ní kí la fi ń ṣe é? A ṣàlàyé Gmünd fún un, ẹ́ńjìnnì tó wá sáàárín, gbogbo rẹ̀. Ó fi ìka ya àwòrán sórí ilẹ̀, ó yí i, ó tún yí i, ó wá mi orí. "Ká sọ pé wọ́n ti sọ èyí fún ọ̀gá mi lọ́jọ́ náà," ó ní, "mi ò bá ti jẹun lásìkò."

Ohun tó wù wá nínú ìtàn yìí ni bí ó ṣe ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí kò lówó. Ẹni tó fẹ́ kan ọkọ̀ ìdíje ní 1934 ní láti ní ilé-iṣẹ́ tó lè gé jíà. Lẹ́yìn ogun, ẹni tó bá lè ra ọkọ̀ àlòkù kan, tó lè tú gíábọ́ọ̀sì rẹ̀, tó sì mọ ohun tí aago ògiri ń sọ nípa ọ̀tún àti òsì, lè bẹ̀rẹ̀ nínú gáréèjì. Mike Hewland, tó ní ilé-iṣẹ́ kékeré ní Maidenhead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára wọn. Ní nǹkan bí 1959 sí 1960, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti ń kúrò níwájú nínú gbogbo ọkọ̀ ìdíje, ó mú gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá, kò tilẹ̀ gbé kíráùn rẹ̀ kúrò níbì kankan. Ó dorí gbogbo gíábọ́ọ̀sì náà kodò. Ẹ rò ó wò: ohun tó wà lápá òsì, tí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, ó ti dé apá ọ̀tún. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ wa nínú gan-an. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé ihò tí wọ́n fi ń fa ọ́ìlì ti kọjú sókè, èèyàn á sì ní láti ṣètò gbogbo ìyẹn lọ́tun. Hewland ṣètò rẹ̀. Láti ara Ìjàpá tó dorí kodò yẹn ni orúkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ tó wá wà lára gíábọ́ọ̀sì àìmọye ọkọ̀ ìdíje fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Colin Chapman ti Lotus náà kò ṣe gíábọ́ọ̀sì tirẹ̀ nígbà tó fẹ́ ta ọkọ̀ aláàárín fún àwọn èèyàn lásán. Ní 1965, Renault gbé ọkọ̀ kan jáde tó ń jẹ́ 16, ọkọ̀ ìdílé, táyà iwájú ló ń fà á, gíábọ́ọ̀sì ló kángun síwájú, ẹ́ńjìnnì tẹ̀ lé e. Chapman wò ó, ó rí i pé tí wọ́n bá gbé gbogbo rẹ̀, tí wọ́n yí i po, tí wọ́n gbé e sẹ́yìn, ọkọ̀ aláàárín ti dé. Lotus Europa jáde ní òpin 1966, ẹ́ńjìnnì 1,470 cc, agbára ẹṣin 82. Kíráùn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì bíi ti Gmünd. Ọ̀pá jíà rẹ̀ gùn bíi ti Gmünd, àwọn tó wà á sì ráhùn nípa rẹ̀ bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ráhùn. Nígbà tí Volkswagen àti Porsche jọ gbé 914 jáde ní 1969, gíábọ́ọ̀sì 911 ni wọ́n yí po fún un. Kíráùn kọjá, ọ̀pá gùn, àwọn oníbàárà bú u. Ó gbà wọ́n títí di ọkọ̀ ọdún 1973 kí wọ́n tó gbé ẹnu jíà kúrò ní ìdí, kí wọ́n gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́. Ogún ọdún ó lé márùn-ún lẹ́yìn 356 Nọ́ńbà 1, wọ́n ṣì ń san gbèsè ọ̀pá kan náà.

Ọ̀kan wà tí a ò lè ṣe ká má mẹ́nu bà, nítorí òun ló fi yé wa pé gbígbé kíráùn kò jọra níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, Chevrolet ń ta Corvair láti ìparí 1959, ẹ́ńjìnnì ìdí, sílíńdà mẹ́fà, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú bíi ti Ìjàpá. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ eré orí iyanrìn fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó lágbára ju ti Volkswagen lọ dáadáa, àlòkù rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Wọ́n á so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá, ní ibi tí ti Ìjàpá wà, láìyí ohunkóhun po. Ọkọ̀ á sì fi ẹ̀yìn rìn! Ẹ́ńjìnnì Corvair ń yí sí òdìkejì ọ̀nà tí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì ayé ń yí sí. Wọ́n gbé kíráùn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọkọ̀ lọ síwájú, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n níbí, píníọ̀nù fúnra rẹ̀ ti ń yí sódì. Ojú eyín tí wọ́n ṣe fún ìsinmi ló wá ń gba ìyà, pẹ̀lú agbára tó ju èyí tí wọ́n ṣe é fún lọ. Lójú ẹni tó ń wò láti ìta, iṣẹ́ tí Gmünd ṣe ni àwọn náà ṣe. Nínú irin, kò jọra rárá. Àwọn tó mọ̀ lọ ra káàmù-ṣáàfù tí wọ́n gé lódì, kí ẹ́ńjìnnì náà lè máa yí bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi kíráùn sílẹ̀ níbi tó wà.

Ibi tí àmì ìyọkúrò wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ohun ìtìjú fún wa nìyẹn. Nínú kóòdù, ìṣòro Gmünd àti ìṣòro Corvair, àmì kan náà ló ń parí wọn, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé ọ̀kan dára, èkejì ń pa eyín. Ìwé ìtàn náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ pé Ferry Porsche gbé ẹ́ńjìnnì sáàárín, wọ́n á kọ pé Chapman gbé Renault sẹ́yìn, bí ẹni pé èèyàn gbé àga láti ìhín sí ọ̀hún. Orúkọ tó wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì ló gba gbogbo ìyìn. Àwọn tó tú gíábọ́ọ̀sì, tó to ìwé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó kun eyín ní ọ̀dà tó sì tún un tú nígbà tí kò dára, àwọn ló dáhùn ìbéèrè tó le jù, ìlà kan ni ìwé fi san án fún wọn.

A ti yọ àmì yẹn kúrò nínú géèmù. Ó gba wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní báyìí, gíábọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ibì kan tí a ti ń yàn án: kíráùn, ọ̀tún tàbí òsì. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tó ń yí sí. Eyín ní ojú méjì, ọ̀kan ń tètè jẹ ju èkejì lọ. Ẹni tó bá so ẹ́ńjìnnì tó ń yí sódì mọ́ ọn, tó gbé kíráùn, tó sì ń fi ìbínú tẹ iná, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ kò ní pẹ́ láyé. A tún fi ìmìjìgìjìgì díẹ̀ sínú ọ̀pá jíà ọkọ̀ aláàárín, nítorí gígùn rẹ̀.

Láàárín ọjọ́ méjì tí a gbé e jáde, ẹnì kan tó ń bá wa dán an wò kọ̀wé pé jíà ọkọ̀ tuntun náà ń lọ́ra, pé ti Ìjàpá ń wọlé kíá ju tirẹ̀ lọ, ó sì ní ká jọ̀ọ́ ká tún un ṣe. A fèsì pé a mọ̀, pé bó ṣe rí nìyẹn.